Akọrin Àlejò Tí Kò La Ẹnu

Èémí kan wà nínú orin náà tí kò bá ìṣirò mu. Ṣáájú ìlà kọ̀ọ̀kan ni ó máa ń dún, ó rọra, ó sì súnmọ́. Nígbà mìíràn, akọrin kò tíì parí ìlà tó wà lẹ́nu rẹ̀ tí èémí náà yóò fi dé. Ọ̀fun kan ṣoṣo kò lè ṣe méjèèjì.

Obìnrin tó ń yẹ orin wò nílé iṣẹ́ àtẹ orin tún un gbọ́. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni orin náà yóò gba ipò kìíní. Bí wọ́n bá ti ti àtẹ pa, orúkọ tí kò sí níbẹ̀ kò ní wọ ibẹ̀ mọ́ láéláé. Akọrin náà, àgbàlagbà ọkùnrin, jókòó níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu obìnrin náà. Ohun kan ló bá wá: kí wọ́n kọ orúkọ ìyàwó òun tẹ̀ lé ti òun, gẹ́gẹ́ bí akọrin àlejò.

“Bàbá, ẹni tí a kò bá gbọ́ nínú orin, a kì í kọ orúkọ rẹ̀.”

“Ẹ ti gbọ́ ọ, ọmọ mi.”

“Níbo lẹ ti gba orin yìí sílẹ̀?”

“Nínú yàrá wa. Mo ti ilẹ̀kùn.”

“Màmá ńkọ́?”

“A ti sin ín.”

Obìnrin náà pa orin. Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ṣì ń lu ilẹ̀, ní ìwọ̀n kan náà.

“Ẹ̀rọ amúlétutù nìyẹn,” ni ọ̀gá rẹ̀ wí láti ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn ọkùnrin náà. “Tá a bá kọ orúkọ ẹ̀rọ amúlétutù sí àtẹ, fíríìjì náà á bèèrè tiẹ̀ lọ́la.”

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ ìlù kúrò nínú orin, ó yọ gìtá. Èémí náà kù síbẹ̀. Kò sí ìlà kan tí ohùn akọrin ti ṣáájú èémí náà. Obìnrin náà yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

“Ọ̀gá, ẹni tó ń mí yìí ló ń pe ìlà fún akọrin.”

“Òkú kì í mí. Jọ̀ọ́, má kó bá mi.” Ọ̀gá kọjá síbi kọ̀ǹpútà, ó gbé ìka lé bọ́tìnì tí wọ́n fi ń ti àtẹ pa.

Ọkùnrin náà ti dìde lọ sójú fèrèsé. Obìnrin náà dúró lẹ́yìn rẹ̀.

“Bàbá, ìgbà wo ni Màmá kú?”

Kò dáhùn. Obìnrin náà tún bi í. Kò mira. Obìnrin náà tẹ̀ síwájú láti fọwọ́ kàn án, ó mí kanlẹ̀, èémí rẹ̀ sì kan ọkùnrin náà lọ́rùn.

Ọkùnrin náà la ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìlà kìíní.

Ọ̀gá gbé ìka kúrò lórí bọ́tìnì.

Ọkùnrin náà yíjú padà, kò rí ìyàwó rẹ̀, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tí ìtìjú kò jẹ́ kí ó sọ fún ẹnikẹ́ni rí, pé àìsàn ti dí òun létí pátápátá kí òun tó gba orin náà sílẹ̀, pé ẹnu èèyàn ni òun ń wò láti mọ ohun tí wọ́n ń sọ, àti pé ìyàwó òun, tó ṣì wà láàyè nígbà náà, ló dúró lẹ́yìn òun, tó ń mí sí òun lọ́rùn kí òun lè mọ ìgbà tí ìlà kàn.