Ohùn Ọkọ Mi Wà Nínú Fóònù Yìí

Mo lọ gba fóònù ọkọ mi lọ́wọ́ atúnfóònùṣe.

"Àǹtí, bí mo ṣe pààrọ̀ ojú rẹ̀ tó fọ́, ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe é bá tì í pa, torí pé kì í ṣe àwọn ni wọ́n tún un ṣe."

Ohùn ọkọ mi tó ń pè mí ní adùn ayé rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kò sí níbòmíràn.

Mo fi fóònù tèmi sáré bẹ àwọn olólùfẹ́ ilé-iṣẹ́ náà nínú gúrúùpù wọn lórí ayélujára, kí wọ́n bá mi ní kí ilé-iṣẹ́ ṣí i.

"Ta ní kẹ́ ẹ gbé e fún oníṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì? Ilé-iṣẹ́ ń dáàbò bò wá ni!"

"Ẹ lọ ra tuntun, jàre!"

Mo ń sunkún, mo ń tẹ̀ ẹ́: "Ìyàwó Ọ̀gá tó dá gúrúùpù yìí sílẹ̀ ni mí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ín ni."



Ẹnì kan wá fèsì: "Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyàwó wa. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá fúnra wọn ò ní gbà kí ilé-iṣẹ́ ṣí fóònù tí wọ́n tún ṣe ní ẹ̀gbẹ́ títì."