Linnea Kì Í Mira

Mo kórìíra bí Linnea ṣe ń jókòó.

Ogójì ìṣẹ́jú lórí tìmùtìmù, ojú ní pípadé, kò ní họ imú.

Ìjókòó jẹ́ẹ́, ìyẹn àṣàrò, ni wọ́n ń gba oyè nínú ẹ̀ ní yunifásítì wa ní Colorado yìí. Àfi bíi pé inú oyún lọmọ yìí ti kọ́ ọ.

Èmi ńkọ́? Orókún ń dùn mí, imú ń yún mí.

Mò ń jowú ẹ̀. Mi ò ní purọ́.

Agogo dún. Brody tó jókòó tì í yíjú sí i: "Linnea, ṣé ère ni ẹ́ ni?"

"Ère kẹ̀? Ebi ló ń pa mí!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín.

Iṣẹ́ tòní ni pé kí kálukú yan ẹni tó ń ni ín lára, kó tọrọ àlàáfíà fún un, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Linnea fi ìwé ẹ̀ sórí tábìlì, ó jáde.

Mo ṣí i.

"Ẹnì kan wà tí kì í pajú dé. Èmi ló máa ń wò ṣáá. Ẹ má bínú, Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni mo yàn."

Ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti ń kọ́ni ní àṣàrò!

Mo fa bírò pupa yọ.

"Tójú ẹ bá padé lóòótọ́, báwo lo ṣe rí mi?"

Mo yọ máàkì márùn-ún.