Agolo Ìrù Ọmọńlé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ọmọńlé ń wò láti ara ògiri bẹ́ ẹ ṣe ń kà á yìí.

1.
Oníbúrẹ́dì kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Mọ́tótó. Aṣọ funfun ló fi ń ṣiṣẹ́. Bó bá nu gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ lè fi ṣe dígí. Ṣùgbọ́n ẹ má bi mí léèrè abẹ́ tábìlì tó fi ń po ìyẹ̀fun o! Èérún búrẹ́dì oṣù mẹ́ta ló wà níbẹ̀, àwọn aáyán sì ti sọ ibẹ̀ di ilé ọkọ.

Lọ́jọ́ kan, ìwé dé pé wolé-wolé ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Bó bá rí ìdọ̀tí, á ti ilé búrẹ́dì náà pa, ilé búrẹ́dì tí bàbá ọ̀gá fi ogójì ọdún làágùn lé lórí. Àyà ọ̀gá já. Ó gbójú sókè, ó rí ọmọńlé kan lókè ààrò.

"Ìwọ lo fẹ́ ba tèmi jẹ́!"

2.
Ó la ìgbálẹ̀ mọ́ ọn. Pàá! Ìrù já bọ́, ó ń jó nílẹ̀. Inú ọ̀gá dùn, ó sọ ìrù náà sínú agolo mílíìkì. Kò tilẹ̀ wo ibi tí onírù gbà lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, wá ra búrẹ́dì, ó bá a lórí àga pẹ̀lú ìgbálẹ̀.

"Ọkọ wa, kí lẹ̀ ń ṣe lókè yẹn?"

"Àǹtí, ọmọńlé ni mò ń pa. Mẹ́sàn-án ti kú!" Ó gbọn agolo náà fún un.

Obìnrin náà yọjú wo inú rẹ̀, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ìrù nìkan lẹ pa. Bí ọ̀tá bá ká ọmọńlé mọ́, fúnra rẹ̀ ló máa ń já ìrù rẹ̀ sílẹ̀. Ìrù á máa jó, ọ̀tá á máa wòran, onírù á ti sá lọ. Tó bá yá, òmíràn á hù."

"Ṣé ìrù ni àbí koríko?"

"Ẹ gbọ́ o. Aáyán ni wọ́n wá jẹ níbí. Ẹ gbé tábìlì yẹn kúrò, kẹ́ ẹ gbá abẹ́ rẹ̀. Bí oúnjẹ wọn bá tán, wọn ò ní dúró."

Ọ̀gá fajú ro. "Àǹtí, ẹ lọ máa kọ́ àwọn ọmọ yín. Inú ìyẹ̀fun ni wọ́n bí èmi sí."

Ìyàwó rẹ̀, tó ń to búrẹ́dì sórí pẹpẹ, ní: "Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká gbá a. Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́ o."

"Ta ló máa wo abẹ́ tábìlì?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan tó sọ?

3.
Wolé-wolé dé lọ́jọ́ Ẹtì, obìnrin kúkurú kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wo gíláàsì, ó wo ààrò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti yọ bírò láti fọwọ́ sí ìwé! Ká ní ọ̀gá lè pa ẹnu mọ́ ni.

"Màmá, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi." Ó ṣí agolo. "Ọmọńlé mẹ́tàdínlógún! Kò ku ẹyọ kan."

"Òkú wọn dà?"

"Òkú kẹ̀?"

"Ìrù nìyí. Ara tó ni wọ́n ńkọ́?"

Ọ̀gá yọjú wo inú agolo náà.

"Ó jẹ́ pé ọmọńlé mẹ́tàdínlógún ló wà láàyè nínú ṣọ́ọ̀bù yìí. Ohun tó ń bọ́ gbogbo wọn kò lè kéré. Ẹ gbé tábìlì yẹn."

Wọ́n gbé e. Yéè! Aáyán tú jáde bí ọmọ iléèwé tí wọ́n lu agogo fún. Ọmọńlé mẹ́rin tí ìrù wọn ti já sì sáré lé wọn, ọ̀kan gba orí bàtà wolé-wolé kọjá.

4.
Àgádágodo bọ́ sẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Odidi oṣù mẹ́ta. Àwọn oníbàárà kọjá sọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì òdìkejì títì. Ọ̀gá jókòó sórí àpótí níta, ó ń sunkún bí ọmọdé: "Ilé búrẹ́dì bàbá mi!" Ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ lé e léjìká, kò sọ pé òun ti wí i tẹ́lẹ̀. Ìyẹn gan-an ló dun ọ̀gá jù.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kìlọ̀ fún yín o. Ẹ̀dá tó bá wọlé yín, ó ní ohun tó ń wá. Kẹ́ ẹ tó fi ìgbálẹ̀ lé e, ẹ kọ́kọ́ fi gbálẹ̀. Ẹni tó mọ nǹkan, tó sì ń sọ ọ́ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má fi í ṣẹ̀sín. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ pé kì í gbé tábìlì bó bá ń gbálẹ̀. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀.