Tíṣà Tí Kì Í Fi Bọ́ọ̀lù Sílẹ̀

Ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, olùkọ́ ìṣirò kan wà tí ń jẹ́ Ògúnlẹ́yẹ. Ó ti dolóògbé báyìí. Nígbà tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, kò sí ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá tó o. Ìjì ni wọ́n ń pè é. Nítorí náà ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ṣe ní kó máa kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ó fẹ́ràn ìyìn púpọ̀.

Bí ọmọ kan bá ṣì í gbá, Tíṣà yóò já bọ́ọ̀lù gbà. "Kúrò níbẹ̀, wo ẹsẹ̀ mi!" Yóò gbé e kọjá lára ọmọ mẹ́ta, yóò gbá a sáwọ̀n, àwọn ọmọ yóò sì máa pariwo, "Ìjì! Ìjì!" Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe ní kíláàsì. Òun ló ń yanjú gbogbo ìṣirò lójú pátákó, àwọn ọmọ á kàn dà á kọ.

Lọ́dún kan, wọ́n pàdé ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Ẹni tó bá borí ni yóò lọ sí ìdíje ìpínlẹ̀ ní Òṣogbo. Ọlákìítán, balógun ikọ̀ wọn, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá lọ́dún náà, wọ́n á sì jáde nílé ẹ̀kọ́. Wọn kò tún ní àǹfààní mìíràn.

Bí bọ́ọ̀lù bá ti kan ọmọ kan lẹ́sẹ̀, yóò dúró, yóò wo ibi tí Tíṣà wà. Àwọn òǹwòran ilé ẹ̀kọ́ kejì rí i, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ sáré lọ pe tíṣà yín kó wá bá yín gbá a o!" Kí wọ́n tó lọ sinmi, góòlù méjì ti wọ àwọ̀n wọn.

"Ṣé ẹsẹ̀ yín ti kú ni?" Tíṣà bínú. "Gbogbo ohun tí mo fi hàn yín dà?"

Ọlákìítán dorí kodò. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ fi hàn wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kì í pẹ́ lẹ́sẹ̀ wa kẹ́ ẹ tó gbà á. Àtẹ́wọ́ la mọ̀ ọ́n pa jù."

Wọ́n padà sórí pápá. Wọ́n pàdánù. Ọlákìítán sunkún títí dé ilé.

Láti ọjọ́ náà, Tíṣà ń fi bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ sílé, á jókòó sórí koríko. Bí ọmọ bá ṣì í gbá, á ní, "Tún un ṣe," á sì dúró dè é. Kò rọrùn fún un. Nígbà mìíràn, á fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú kó má baà dìde. Ní kíláàsì, ó ń fún àwọn ọmọ ní ṣọ́ọ̀kì kí wọ́n wá yanjú ìṣirò fúnra wọn.

Nígbà tí ìdíje tún dé, ọmọ gíga kan fi gìgísẹ̀ ta bọ́ọ̀lù sẹ́yìn fún ẹnì kejì rẹ̀, ìyẹn sì gbá a wọlé. Tíṣà fò dìde. "Ta ló kọ́ yín níyẹn?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ wa, sà. Àwa la ronú ẹ̀."

Inú rẹ̀ kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀yin ọmọ, bí wọ́n bá fi ọmọ ọlọ́mọ sábẹ́ yín lọ́la, ẹ má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ẹ mọ̀ ọ́n ṣe jù ú lọ. Ẹ ní sùúrù kó ṣì í ṣe, kó sì tún un ṣe. Nígbà tí ẹ kò bá sí mọ́, ohun tó lè dá ṣe nìkan ni yóò kù sí i lọ́wọ́.