Pátákó Àárín Àgbàdo

Òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn náà tú ewé àgbàdo mìíràn ní oko kan lẹ́yìn àdúgbò Felele. Kòkòrò inú rẹ̀ ń jẹun lọ, bí ẹni pé omi lásán ni oògùn tí wọ́n fín níjẹta. Ó mí kanlẹ̀. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, oògùn tí wọ́n fi bakitéríà ṣe yìí ń pa wọ́n láì ku ọ̀kan.

"Màmá Obed, ìlà méjì tí mo ní kí ẹ má fín ńkọ́? Ṣebí a fẹ́ kí kòkòrò ibẹ̀ bá àwọn olóríkunkun tí oògùn ò ràn mọ́ bímọ ni, kí oògùn lè máa ran ọmọ wọn."

"Mo gbọ́." Màmá Obed, tó ni oko náà, tọ́ka sí pátákó tó kọ orúkọ òṣìṣẹ́ náà sí láti fi yẹ́ ẹ sí, láàárín ìlà méjèèjì, létí títì Àbújá. "Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ ló wà níbẹ̀, ọmọ mi. Ṣé kí èrò ọkọ̀ máa rí i láàárín àgbàdo tí kòkòrò ti jẹ? Ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ fín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń fín in."

Òṣìṣẹ́ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ìbínú. Ó kàn ń wo pátákó náà, níbi tí kòkòrò kan tó ti yó ti ń wọ́ lọ lórí orúkọ rẹ̀.