Abẹ́rẹ́ Mẹ́ta Tí Ìyá Habibah Gbà

Láti kékeré ni ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ti ń ba Sàúdátù, Ìyá Habibah. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni, opó ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, gbogbo àdúgbò Ilare ló sì mọ̀ pé kì í gba abẹ́rẹ́ ibà àfi tí èèyàn mẹ́ta bá dì í mú. Lọ́jọ́ tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ lọ gba abẹ́rẹ́ tó ń dènà hẹpatáítíìsì B, àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ìròyìn ti kárí àdúgbò kó tó bọ́ sójú títì.

Bàbá Onífìlà ló gbé e lọ. Àlàní lorúkọ rẹ̀, aládùúgbò tó ń rán fìlà lójúlé kejì. Oṣooṣù ni ọkọ̀ rẹ̀ ń lọ sílé ìwòsàn, nítorí òun náà ní dókítà tó ń rí.

Nọ́ọ̀sì Bàrákàt yẹ ẹ̀jẹ̀ Sàúdátù wò, kò rí àrùn náà níbẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ máa gbà á, mà," ó wí. "Ọ̀kan lónìí, ọ̀kan lóṣù tó ń bọ̀, ìkẹta di oṣù kẹfà. Bí ò bá tíì pé mẹ́ta, ẹ má fọkàn balẹ̀ o."

"Mẹ́ta! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

Ó di tábìlì mú, ó dijú, ó ti ké "Yéè!" kí abẹ́rẹ́ tó kàn án lára. Nígbà tó lajú, nọ́ọ̀sì ti ń nu apá rẹ̀. "Ó ti wọlé? Irọ́ ni!" Ó bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n fún un ní káàdì, káàdì yẹn ló sì dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Nílé Mùsùlùmí n'Ífẹ̀, bí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le bá ń gba abẹ́rẹ́, tó tún ń tọ́jú káàdì rẹ̀ bí ẹyin, ibì kan ṣoṣo ló ń lọ.

"Mẹ́kà!" Habibah, àkọ́bí rẹ̀, fò mọ́ ọn. "Màámi ń lọ Mẹ́kà!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?" Ìyá ń béèrè, ó sì ń fi ìborùn bojú, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ mọ́.

"Wọn ò fẹ́ káyé gbọ́ ni," ni Abdulmumin, àbúrò Habibah, wí. Ó ka káàdì náà lẹ́ẹ̀mejì. "Hẹpatáítíìsì B kẹ̀? Háà, wọ́n ti fìyẹn náà kún abẹ́rẹ́ Mẹ́kà lọ́dún yìí nìyẹn."

Kí ọjọ́ abẹ́rẹ́ kejì tó pé, gbogbo ẹnu ti ń pè é ní Àlàájà. Yéwándé, aládùúgbò wọn tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, pàápàá kọ àdúrà tirẹ̀ sínú ìwé wá: kí ọmọ òun bí ìbejì, kí onílé òun sì kó lọ sílùú mìíràn. Sàúdátù ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. "Ọlọ́run á gbọ́," ló ń wí. Ó kun yàrá rẹ̀ lọ́dà, ó ra ibùsùn tuntun, ńlá.

"Ẹ óò ráyè sinmi dáadáa tẹ́ ẹ bá dé," ni Habibah wí, òun náà ti lọ ra àpótí.

Ojoojúmọ́ ni Bàbá Onífìlà ń béèrè lójú fèrèsé pé, "Ó ku mélòó?"

"Ẹyọ kan."

"Alhamdulillah!"

Oṣù kẹfà pé. Sàúdátù àti Bàbá Onífìlà dé ilé ìwòsàn, Bàrákàt mi orí. "Abẹ́rẹ́ ti tán nílẹ̀, mà. Bóyá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Sàúdátù jókòó sórí bẹ́ǹṣì, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ohun tó ń retí látọdún tó kọjá ò lè bẹ̀rẹ̀ láìsí ìkẹta yìí. "Èmi tí mo ti gba méjì! Bóyá kẹ̀!"

Bàbá Onífìlà ò tiẹ̀ dúró rí dókítà tirẹ̀ mọ́. Ó pe ibí, ó pe ọ̀hún, ó rí abẹ́rẹ́ náà nílé ìwòsàn kékeré kan ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Fèrè ọkọ̀ ló ń fọn títí wọ́n fi débẹ̀. Sàúdátù na apá, ó la ojú sílẹ̀ kedere, kò pariwo. Bàbá Onífìlà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ló ké "Yéè!" Ẹ̀rín pa nọ́ọ̀sì, ó pa Sàúdátù, gèlè tú lórí rẹ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, Bàrákàt tún yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní ààbò ti múlẹ̀ dáadáa. Ilé kún nígbà tí wọ́n padà dé.

"Ó yá, Màámi," ni Abdulmumin wí, "ọjọ́ wo lẹ ń lọ?"

Sàúdátù wo ojú Bàbá Onífìlà. Onítọ̀hún rọra mi orí pé kó sọ ọ́.

"Mi ò lọ ibì kankan," ó wí, "Bàbá Onífìlà ló ní àrùn ẹ̀dọ̀ yẹn lára, àwọn ló sì fàáké kọ́rí pé àfi bí abẹ́rẹ́ bá kọ́kọ́ dáàbò bò mí káwọn tó fẹ́ mi, Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni yìgì wa."