Ẹni Tó So Wáyà Náà

Lọ́jọ́ tí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan jóná ní Òkè-Àfà, ọ̀gá oníṣẹ́ iná nawọ́ sí ọmọṣẹ́ rẹ̀ lójú gbogbo àdúgbò. Ó ní, "Òun ló so wáyà náà." Ó lé e lọ láìṣe fíríìdọ̀mù fún un. Ẹnikẹ́ni ò gbàdúrà fún un, ẹnikẹ́ni ò fa pláyà lé e lọ́wọ́.

Ọmọṣẹ́ ọjọ́sí ti di tíṣà nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ iná ní Ìsọlọ̀ báyìí. Ó ń dá gbé, ó ń dá jẹun. Òun àti ìbínú ọjọ́ yẹn nìkan ni wọ́n jọ ń sùn, tí wọ́n jọ ń jí.

Láàárọ̀ yìí, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ wọ kíláàsì rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ ní kó lọ gba ìwé-ẹ̀rí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó máa lọ sílé. Ojú bàbá ti di bàìbàì. Tíṣà ò rò pé ó dá òun mọ̀.

"Bàbá, a kì í fi eyín bó wáyà níbí."

"Ẹ má bínú, tíṣà. Eyín mi ti ń ṣiṣẹ́ yìí kí n tó ra pláyà."

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé wáyà tí bàbá so sókè. Kò sí téèpù lára rẹ̀.

"Tí èyí bá jó ilé onílé, ta la máa dá lẹ́bi?"

Bàbá ṣí fìlà. Ó yọ pláyà rẹ̀ lápò, ó rọra fà á lé tíṣà lọ́wọ́.

"Mo ti dá ohùn rẹ mọ̀ láti àárọ̀," ni ó wí. "Ìwọ kọ́ lo so ti Òkè-Àfà, ọmọ mi. Èmi ni."